Ọgbà Àgbà ní Amẹ́ríkà: Ohun Tí Òfin Ìpínlẹ̀ Ń Ṣọ́ àti Ohun Tí Kò Ṣọ́



Nínú ìtẹ̀jáde tó kọjá, mo ṣèlérí pé ìtọ́jú ẹsẹ̀ fún àwọn tó ní àtọ̀gbẹ la ó sọ̀rọ̀ lé lórí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láyè di ìtẹ̀jáde tó ń bọ̀, in shā’ Allāh. Ọ̀rọ̀ kan já lé mi lọ́wọ́ lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ tí mo rò pé yóò kan ọ̀pọ̀ ìdílé nínú ẹgbẹ́ wa láìpẹ́, nítorí agboolé tí kò ní ọmọ tàbí ẹ̀gbọ́n ní òkè òkun kò pọ̀ mọ́.

Ọ̀kan nínú àwọn ìyá wa ní mọ́sálásí ló pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní, “Apòògùn, ọmọ mi, bá mi wo ohun tí bùọ̀dá mi fi ránṣẹ́. Wọ́n ní àwọn fẹ́ ta ilé àwọn, kí àwọn àti ìyàwó lọ máa gbé ní ilé àwọn arúgbó. Ṣé àwọn ọmọ wọn ti lé wọn jáde ni?”

Bùọ̀dá yìí, tí gbogbo ẹbí ń pè ní Bàbá Philadelphia, ti pé ẹni ọdún 74. Ó lé ní 40 ọdún tó ti ń gbé ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania. Ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́, ìyàwó rẹ̀ náà ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Ohun tó fi ránṣẹ́ sórí fóònù àbúrò rẹ̀ ni ìwé ìpolówó kan tó dán mọ̀nà: adágún omi, òdòdó, àwọn àgbàlagbà tó ń rẹ́rìn-ín. Ojú ewé tó kẹ́yìn ni iye owó wà. Owó ìwọlé jẹ́ 280,000 dọ́là, owó oṣooṣù sì tún wà lẹ́yìn ìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dá ìyá wa lóhùn. Rárá, kò sẹ́ni tó lé wọn. Ọmọ mẹ́ta ni Bàbá bí. Ọ̀kan wà ní Texas, ọ̀kan wà ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹ̀kẹta tó wà nítòsí rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ alẹ́ ní ilé ìwòsàn. Ọ̀rọ̀ pé ta ló yẹ kó tọ́jú òbí, àwọn aáfà wa kì í fi falẹ̀ lórí mímbárì, n kò ní ohun tí mo fẹ́ fi kún un. Ṣùgbọ́n ọmọ tó fẹ́ràn bàbá rẹ̀ tọkàntọkàn náà kò lè wà nílé ní agogo méjì ọ̀sán nígbà tí bàbá bá ṣubú ní balùwẹ̀. Ìdí nìyẹn tí Bàbá fúnra rẹ̀ fi lọ wá ibẹ̀.

Ibẹ̀ yàtọ̀ sí ilé arúgbó tí à ń rí nínú fíìmù. CCRC ni àwọn ará Amẹ́ríkà ń kọ orúkọ rẹ̀ sí ní ìkékúrú. Nínú ìwé yìí, ọgbà àgbà ni mo máa pè é. Ọgbà kan ṣoṣo ni, ṣùgbọ́n ìpele mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀. Ilé kìíní wà fún ẹni tí ara rẹ̀ ṣì le: yàrá tirẹ̀, ilé ìdáná tirẹ̀, mọ́tò tirẹ̀ pàápàá. Ilé kejì wà fún ẹni tó ń fẹ́ ìrànlọ́wọ́ díẹ̀, kí wọ́n bá a wẹ̀, kí wọ́n bá a wọṣọ, kí wọ́n fún un lóògùn lásìkò. Ilé kẹta ni ti àwọn nọ́ọ̀sì, fún ẹni tí kò lè dá dìde mọ́, tàbí ẹni tó ń bọ̀ láti ilé ìwòsàn lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. Ẹni tó bá wọlé nígbà tí ara ṣì le ń ra ìlérí pé bí ara bá ń rẹ̀ sí i, òun kò ní í máa wá ibòmíràn kiri. Láti ilé kan sí èkejì nínú ọgbà kan náà ni yóò máa ṣí. Ìlérí yẹn ni Bàbá fẹ́ fi 280,000 dọ́là rà. Kì í ṣe ilé ló ń rà. Bó bá jáde láyé, kò sí ilé tí àwọn ọmọ yóò jogún níbẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ bá rò pé Medicare, ètò ìlera ìjọba fún àwọn tó ti pé ọdún 65, ni yóò san owó ilé kẹta, ẹ má tan ara yín. Àwọn ọmọ wa tó ti pẹ́ ní Amẹ́ríkà gan-an ń ṣe àṣìṣe yìí. Ohun tí Medicare ń san ni ìtọ́jú fún ẹni tó ń bọ̀ láti ilé ìwòsàn, lẹ́yìn tó ti gba bẹ́ẹ̀dì níbẹ̀ fún ọjọ́ 3 ó kéré tán. Kò sì kọjá ọjọ́ 100. Ogún ọjọ́ àkọ́kọ́ nìkan ni wọ́n ń san tán. Láti ọjọ́ 21 lọ, aláìsàn náà ń dá sí i. Kí wọ́n kàn máa tọ́jú arúgbó lọ́dọọdún, kí wọ́n máa wẹ̀ ẹ́, kí wọ́n máa bọ́ ọ, Medicare kò san ìyẹn. Medicaid ń san án, ṣùgbọ́n ó di ìgbà tí owó ọwọ́ ẹni bá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán pátápátá. Nítorí náà, owó tí Bàbá fẹ́ san jọ owó ínṣọ́ránsì lọ́nà kan: ó ń sanwó lónìí nítorí àìsàn ọ̀la.

Àdéhùn wọn sì kò rí bákan náà. Wọ́n máa ń pín in sí A, B àti C. Nínú A, owó ìwọlé pọ̀ gan-an, ṣùgbọ́n bí o bá ṣí lọ sí ilé kẹta, owó oṣooṣù rẹ kò ní í fò sókè nítorí pé o ṣí. Ọ̀wọ́n gógó ọjà nìkan ló lè gbé e. Nínú B, wọ́n á fún ọ ní iye ọjọ́ kan lọ́fẹ̀ẹ́ tàbí ní ẹ̀dínwó, lẹ́yìn èyí wàá máa san iye tí àlejò láti ìta ń san. Nínú C, owó ìwọlé kéré, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí o bá wọ ilé kẹta ni wàá bẹ̀rẹ̀ sí san gbogbo owó rẹ̀ lójoojúmọ́. Fún tọkọtaya, ẹ ro ìyẹn dáadáa. Bí ìyàwó bá wà ní ilé kẹta tí ọkọ ṣì wà ní ilé kìíní lábẹ́ àdéhùn C, ìnáwó ilé méjì ni wọ́n ń ṣe. Nínú ìwé ìpolówó Bàbá, lẹ́tà kankan kò sí níbẹ̀. “Ìtọ́jú fún gbogbo ọjọ́ ayé yín” ni wọ́n kọ.

Ibí ni òfin ti wọlé, ibẹ̀ ni mo sì fẹ́ kí a dúró sí díẹ̀.

Kò sí òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà kan tí a ṣe ní pàtó fún àdéhùn ọgbà àgbà. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ń ṣe tirẹ̀. Ní ọdún 2010, GAO, iléeṣẹ́ tó ń yẹ ìnáwó ìjọba wò fún Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì wọn, gbé ìwádìí jáde lórí ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n rí i pé ìpínlẹ̀ 38 ló ní òfin tó dá lórí ọgbà àgbà, ìpínlẹ̀ 12 kò sì ní rárá. Àwọn tó ní i pàápàá, iléeṣẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n gbé e fún. Ní Pennsylvania, Florida àti Texas, iléeṣẹ́ tó ń mójú tó ínṣọ́ránsì ló ń ṣọ́ wọn. Ní California, iléeṣẹ́ ìgbáyégbádùn ni. Ní New York, iléeṣẹ́ ìlera. Ní Maryland, níbi tí àwọn ọmọ Yorùbá ti pọ̀ bí eṣú, iléeṣẹ́ ọ̀rọ̀ àwọn àgbàlagbà ni. Ẹni tó bá ní ẹjọ́ ní ìpínlẹ̀ kan tó sì lọ kan ilẹ̀kùn tí ẹni ìpínlẹ̀ kejì ń kàn, ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni yóò wà.

Kí ló fa òfin? Ìlérí tó tóbi ju owó lọ ni. Láyé àtijọ́, àwọn ìjọ àti ẹgbẹ́ aláàánú ló ń dá irú ilé bẹ́ẹ̀ sílẹ̀. Arúgbó á kó gbogbo ohun tó ní fún wọn, wọ́n á sì máa tọ́jú rẹ̀ títí ọlọ́jọ́ á fi dé. Ìṣirò náà dúró bí ọjà kò bá wọ́n, bí arúgbó kò bá sì pẹ́ láyé ju bí wọ́n ti rò lọ. Ọjà wọ́n, àwọn ènìyàn sì ń pẹ́ láyé, alhamdulillāh. Ní California, ilé-iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Pacific Homes, tí ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ní àjọṣe pẹ̀lú, ní ọ̀pọ̀ irú ilé bẹ́ẹ̀. Owó ìwọlé àwọn tuntun ni wọ́n wá ń ná láti fi bọ́ àwọn tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Nígbà tí àwọn tuntun kò tó mọ́, ó wọko gbèsè ní ọdún 1977. Àwọn arúgbó tó ti kó owó ayé wọn sílẹ̀ pe ìjọ náà lẹ́jọ́, ọ̀rọ̀ náà sì di ńlá kí wọ́n tó yanjú rẹ̀ ní ọdún 1980 pẹ̀lú ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù dọ́là. Ẹ má rò pé mo ń fi ẹlẹ́sìn mìíràn ṣe yẹ̀yẹ́ o. Bí ẹnì kan bá kọ orúkọ mọ́sálásí sára ẹnu ọ̀nà ọgbà àgbà lọ́la, ìṣirò kan náà ni yóò ṣe. Orúkọ ẹ̀sìn kì í san owó nọ́ọ̀sì.

Láti ìgbà náà ni òfin ti ń pọ̀ sí i láti ìpínlẹ̀ dé ìpínlẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Florida ti ní tirẹ̀ láti àwọn ọdún 1950. Ti Pennsylvania, tó kan Bàbá, jẹ́ òfin ọdún 1984. Mo ka òfin náà fúnra mi ní alẹ́ mẹ́ta. Kò gùn púpọ̀, ó sì yé ènìyàn ju ìwé ìpolówó lọ.

Lákọ̀ọ́kọ́, kò sẹ́ni tó lè ta irú àdéhùn yìí láìgba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ iléeṣẹ́ ínṣọ́ránsì ìpínlẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni ìwé kan tí mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn: ìwé tí ilé-iṣẹ́ náà fi ń tú ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹni tó fẹ́ wọlé. Ìwé àlàyé ni mo máa pè é. Ó di dandan kí wọ́n fún ènìyàn kó tó tọwọ́ bọ̀wé, kó sì tó san kọ́bọ̀. Wọn kò lè ní ó dọ̀la. Nínú rẹ̀ ni wọ́n gbọ́dọ̀ sọ ẹni tó ni ọgbà náà àti ẹni tó ń darí rẹ̀. Wọ́n gbọ́dọ̀ sọ bóyá ìjọ tàbí ẹgbẹ́ aláàánú kan wà lẹ́yìn wọn, àti bóyá ẹgbẹ́ náà yóò san gbèsè wọn bí ọ̀rọ̀ bá bẹ́yìn yọ. Ẹ̀yin náà rí i pé ìṣẹ̀lẹ̀ bíi ti Pacific Homes ló kọ́ wọn lẹ́kọ̀ọ́ yẹn. Àkáǹtì tí ọ̀dítọ̀ ti yẹ̀ wò gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Bí owó oṣooṣù ti ń lọ sókè láti ọdún 5 sẹ́yìn náà gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, kí ènìyàn lè fojú ara rẹ̀ rí i.

Òfin náà tún ní kí wọ́n ní owó ìpamọ́ tó ṣeé tètè rí mú: ó gbọ́dọ̀ tó gbèsè tí wọ́n ní láti san láàárín oṣù 12 tó ń bọ̀, tàbí ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún ìnáwó ọdún kan, èyí tó bá pọ̀ jù nínú méjèèjì. Bí wọ́n bá gba owó lọ́wọ́ ẹni tí yàrá rẹ̀ kò tíì ṣe tán, ọwọ́ ẹni kẹta ni owó náà gbọ́dọ̀ wà, irú bíi báńkì. Ẹni tó bá sì tọwọ́ bọ̀wé ní ọjọ́ 7 tó lè fi yí ọkàn padà láìsan owó ìtanràn. Wọn kò lè fipá mú un kó kó wọlé kí ọjọ́ 7 náà tó pé.

Ọjọ́ 7 kéré lójú mi. Ní California, ọjọ́ 90 lẹ́yìn tí ènìyàn bá ti kó wọlé ni, tó fi jẹ́ pé ó ti jẹ oúnjẹ wọn, ó ti mọ bí wọ́n ṣe ń dáhùn nígbà tó bá tẹ aago lóru. Oṣù mẹ́ta tó fún ènìyàn láti mọ ibi tó wà. Florida náà, ọjọ́ 7 ni, ṣùgbọ́n wọ́n ní àwọn ìlànà kan lórí owó ìwọlé tó yẹ kí ẹ mọ̀. Níbi tí àdéhùn bá jẹ́ irú èyí tí owó ìwọlé ń dín kù díẹ̀díẹ̀, ilé-iṣẹ́ lè mú ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún fún oṣù kọ̀ọ̀kan tí ènìyàn fi gbé ibẹ̀, pẹ̀lú ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún fún ìnáwó ìwé. Ẹ bá mi ṣe ìṣirò rẹ̀: ẹni tó san 100,000 dọ́là tó sì kúrò lẹ́yìn oṣù 10, 75,000 ni yóò gbà padà. Kí ọdún 4 tó pé, owó náà ti tán. Florida tún ní kí àwọn alákòóso máa jókòó pẹ̀lú àwọn tó ń gbé ibẹ̀ ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta, kí wọ́n sọ bí owó ṣe ń wọlé àti bó ṣe ń jáde. Ìpàdé yẹn dára. Ẹni tó bá ń lọ àbẹ̀wò lè béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń gbé ibẹ̀ bóyá wọ́n ń ṣe é lóòótọ́, kó má béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń tajà.

Wàyí o, ohun tí òfin kò ṣe ńkọ́? Ó ní kí wọ́n fi ìwé wọn hàn. Kò ní kí ìjọba dúró fún owó náà. Ìwé àṣẹ tí wọ́n gbé kọ́ sára ògiri kò túmọ̀ sí pé ìpínlẹ̀ ti ṣe onídùúró. Àwa níbí máa ń rò pé bí ìjọba bá ti fọwọ́ sí nǹkan, owó wa ti wà láìléwu nìyẹn. Kò rí bẹ́ẹ̀ níbẹ̀ náà.

Òfin New York wà lára àwọn tó le jù lọ. Síbẹ̀, ọgbà kan ní Port Washington ní Long Island, Harborside lorúkọ rẹ̀, ṣílẹ̀kùn ní ọdún 2010, ó sì ti wọ ilé ẹjọ́ onígbèsè ní 2014, ní 2021 àti ní 2023. Àwọn ẹbí tí ènìyàn wọn ti kú tàbí tó ti kó jáde ń retí owó ìwọlé tí wọ́n ṣèlérí láti dá padà, wọ́n retí títí. Ohun tó fà á rèé. Owó tí wọ́n fi ń kọ́ irú ọgbà bẹ́ẹ̀, yíyá ni wọ́n ń yá a lọ́wọ́ àwọn olówó nípa bọ́ǹdì, ilé gan-an ni wọ́n sì fi ń dúró. Bí ilé bá wó, àwọn tó di ilé mú ló ń kọ́kọ́ gba owó. Arúgbó tó ń retí owó ìdápadà sábà máa ń wà ní ẹ̀yìn ìlà, pẹ̀lú ẹni tó ń ta tọ́mátò fún ilé ìdáná. Nítorí náà, bí wọ́n bá sọ fún yín pé ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún owó yín ni wọn yóò dá padà, ẹ má kàn bi wọ́n léèrè pé èló ni. Ẹ béèrè pé ìgbà wo, láti inú àpò wo, àti pé ta ló wà níwájú wa.

Ní ti bóyá irú àdéhùn yìí, tí ènìyàn ń sanwó fún ohun tí kò mọ iye tí yóò lò nínú rẹ̀, bá Sharia mu, apòògùn ni mí, n kì í ṣe mùfútì. Mo ti gbé ìbéèrè náà fún Imāmù wa.

Ibi tó kan iṣẹ́ tèmi wá ni ọ̀rọ̀ oògùn, ó sì yà mí lẹ́nu nígbà tí mo ń kà á. Ẹ rántí pé ilé mẹ́ta ló wà nínú ọgbà kan. Ní Pennsylvania, iléeṣẹ́ ínṣọ́ránsì ló ń ṣọ́ àdéhùn àti owó. Iléeṣẹ́ ìgbáyégbádùn ló ń fún ilé kejì ní ìwé àṣẹ. Iléeṣẹ́ ìlera ló ń ṣàbẹ̀wò sí ilé kẹta, àwọn àjọ ìjọba àpapọ̀ sì ń bá wọn dá sí i nítorí owó Medicare àti Medicaid. Ọgbà kan, ọ̀gá mẹ́rin. Bí Bàbá bá rìn láti ilé kan bọ́ sí èkejì, gbogbo òfin tó dáàbò bo oògùn rẹ̀ ló yí padà lẹ́nu ọ̀nà.

Ní ilé kẹta, òfin ìjọba àpapọ̀ ní kí apòògùn tó ní ìwé àṣẹ yẹ gbogbo oògùn ẹnì kọ̀ọ̀kan wò, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Bó bá rí ohun tí kò bójú mu, ó gbọ́dọ̀ kọ ọ́ fún dókítà tó ń tọ́jú rẹ̀, fún ọ̀gá àgbà àwọn dókítà ibẹ̀ àti fún olórí nọ́ọ̀sì, wọ́n sì gbọ́dọ̀ ṣe nǹkan sí i. Mo fi ọwọ́ sọ̀yà pé èyí jẹ́ ọ̀kan nínú òfin tó dára jù tí mo ti kà lórí ìtọ́jú àgbà. Ní ilé kejì, òṣìṣẹ́ tó ti kọ́ ẹ̀kọ́ bí a ṣe ń fún ènìyàn lóògùn lè fún un, kì í ṣe dandan kó jẹ́ nọ́ọ̀sì. Ní ilé kìíní, níbi tí Bàbá yóò ti bẹ̀rẹ̀, kò sẹ́ni kankan. Ilé tirẹ̀ ni. Bó bá gbé ìgò mẹ́wàá sórí tábìlì, òun ló mọ̀.

Ó sì ní ìgò. Mo ní kó ka gbogbo ohun tó ń lò fún mi lórí fóònù. Amlodipine fún ẹ̀jẹ̀ ríru, metformin fún àtọ̀gbẹ, warfarin kí ẹ̀jẹ̀ má bàa dì. Ó dákẹ́. Mo ní, “Bàbá, kò tíì tán.” Ó rẹ́rìn-ín. Ó wá dárúkọ àgbo jẹ̀díjẹ̀dí tí àbúrò rẹ̀, ìyá wa kan náà, ń fi ránṣẹ́ sí i, àti àgúnmu tí aáyù àti ata ilẹ̀ pọ̀ nínú rẹ̀. Aáyù púpọ̀ pẹ̀lú warfarin lè mú kí ẹ̀jẹ̀ máa dà láìdá. Ewébẹ̀ náà ní ipa tirẹ̀: ẹni tí kì í jẹ ẹ̀fọ́ tẹ́lẹ̀ tó wá bẹ̀rẹ̀ sí jẹ ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ lójoojúmọ́, warfarin rẹ̀ lè máà ṣiṣẹ́ tó mọ́. Dókítà rẹ̀ ní Amẹ́ríkà kò mọ̀ nípa àgúnmu. Kò bi í, Bàbá náà kò sì sọ. Ìyá wa tó jókòó tì mí gbé ọwọ́ lé àyà. Mo ní kó fọkàn balẹ̀, kó kàn dá àgúnmu náà dúró ná kí Bàbá fi lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, kó sì sọ òótọ́ fún dókítà.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ẹbí nínú irú ọgbà bẹ́ẹ̀, ẹ bá wọn kọ gbogbo oògùn wọn sínú ìwé kan, títí kan tìbílẹ̀, kí ìwé náà máa bá wọn kọjá láti ilé dé ilé. Ọjọ́ tí wọ́n bá ṣí láti ilé ìwòsàn sí ilé kẹta ni àṣìṣe oògùn máa ń pọ̀ jù. Bí Ramadan bá ń bọ̀, ẹ sọ fún àwọn nọ́ọ̀sì ṣáájú, nítorí aago ni wọ́n fi ń pín oògùn níbẹ̀, wọn kò mọ̀ pé ó kù díẹ̀ kí oòrùn wọ̀.

Ohun kan ṣì kù tó jẹ́ pé àwa Yorùbá ni yóò dun jù. Ilé-iṣẹ́ náà yóò béèrè gbogbo ohun ìní Bàbá kí wọ́n tó gbà á wọlé: owó báńkì, owó ìfẹ̀yìntì, ilé. Púpọ̀ nínú àdéhùn wọn ló sì ní kó má fi ohun ìní rẹ̀ ta ẹnikẹ́ni lọ́rẹ mọ́ lọ́nà tí kò fi ní í lè san owó oṣooṣù. Òfin ìjọba àpapọ̀ kan tí wọ́n fọwọ́ sí ní ọdún 2006 tún jẹ́ kí àdéhùn lè béèrè pé kí ẹni tó wọlé kọ́kọ́ ná ohun tó kọ sílẹ̀ pé òun ní lórí ìtọ́jú ara rẹ̀ kó tó lọ béèrè Medicaid. Bàbá ní ilé alájà kan sí Ìbàdàn. Ó ń san owó iléèwé ọmọ àbúrò méjì. Ó ti ṣèlérí fún mọ́sálásí àdúgbò rẹ̀ pé òun yóò gbẹ́ kànga fún wọn. Gbogbo èyí ni ó yẹ kó ti yanjú, kó sì ti sọ ọ́ síta, kó tó tọwọ́ bọ̀wé. Ẹni tó bá fi ilé Ìbàdàn pamọ́ nínú ìwé tó sì wá jẹ gbèsè wọn lẹ́yìn náà, irọ́ ló pa sínú àdéhùn, wọ́n sì lè fi ìyẹn gbé e kúrò. Mo sọ èyí fún ìyá wa, ó ní, “Ṣé ilé tí wọ́n fẹ́ sin wọ́n sí náà ni wọ́n máa kà mọ́ owó?” Bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n lè kà á.

Nígbà tí a pe Bàbá, a bá a to ìbéèrè jọ. A, B, tàbí C? Bí òun tàbí ìyàwó bá ní láti ṣí lọ sí ilé kẹta, ta ló ń pinnu rẹ̀, ṣé òun ni, ṣé dókítà tirẹ̀, ṣé ti ọgbà? Bí bẹ́ẹ̀dì kò bá sí ní ilé kẹta ní ọjọ́ náà, níbo ni wọn yóò gbé e lọ, ta ni yóò sanwó? Bí owó rẹ̀ bá tán láìjẹ́ ẹ̀bi rẹ̀, ṣé wọn yóò lé e? Obìnrin tó ń bá a sọ̀rọ̀ ní ọ́fíìsì wọn dá a lóhùn dáadáa lórí púpọ̀ nínú wọn. Nígbà tó béèrè ìwé àlàyé, obìnrin náà ní òun máa ń fún ènìyàn bí ó bá kù díẹ̀ kí wọ́n tọwọ́ bọ̀wé. Bàbá ní òun fẹ́ ẹ lọ́sẹ̀ yẹn. Wọ́n fi ránṣẹ́.

Ojú ewé rẹ̀ lé ní 100. A ti ka ìdajì. Àdéhùn B ni. Owó oṣooṣù ti gòkè ní ọdọọdún láti ọdún 5 wá, lọ́dún kan ó gòkè ju bí owó ìfẹ̀yìntì Bàbá ti ń gòkè lọ. Owó ìdápadà wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n a rí gbólóhùn kan nínú lẹ́tà wẹ́wẹ́ pé yóò dúró títí ẹlòmíràn yóò fi gba yàrá náà tí onítọ̀hún yóò sì san tirẹ̀. Lórí àkáǹtì, mo mọ ibi tí ìmọ̀ mi dé. Ọmọ tó wà ní Texas ti bá wọn wá lọ́yà kan tó ń ṣe ọ̀rọ̀ àwọn àgbàlagbà, yóò sì bá wọn ka ìyókù. Bàbá ti sún ọjọ́ ìtọwọ́bọ̀wé síwájú. Ilé kò sì tíì tà.

Ìyá wa ní kí n bá òun fi ìbéèrè kan kún ti lọ́yà: ṣé wọ́n ń se àmàlà níbẹ̀? Mo ti kọ ọ́ sí nọ́ńbà 14.